Ẹja Ló Ń Fi Àwọ̀ Omi Bora

Òru ni mo ṣe é. Iná ti lọ,
fóònù nìkan ló ń tàn nínú yàrá mi ní Pópó-Ọba.
Mo ti ya ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nígbà tí oòrùn ń wọ̀,
omi pọ́n yòò, ó tún ń ta ayínrin.
Mo tẹ́ àwòrán náà sábẹ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní àtàtà,
mo wá kọ àkókò ọkọ̀ ojú omi lé e lórí
ní lẹ́tà funfun, tín-ín-rín bí egungun ṣáwá.
Ó wù mí. Mo wò ó títí oorun fi gbé mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì ní èbúté, aago méjìlá ọ̀sán,
oòrùn dúró lórí wa bí agbowó-orí.
Mo na fóònù sí Bàbá Kílání,
ẹni tó ti ń kọ orúkọ sára ọkọ̀
láti ìgbà tí bàbá mi ṣì ń wẹ odò níhòòhò.
Ó tì í jìnnà, ó fà á mọ́ra,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò ó.
Ó ní, "Àwòrán rẹ dára. Ìwé ọ̀hún dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."
"Níbo?"
Mo na ìka. Ìka mi náà ń wá a kiri.

Kò bú mi. Ó tọ́ka sí agbọ̀n Ìyá Sàríyù:
"Wo ẹ̀yìn epìyà yẹn, ṣé kò jọ omi?
Ẹja tó fi àwọ̀ omi bora, ó mọ ẹni tó ń sá fún.
Lẹ́tà tìrẹ, ta ló ń lé e?"

Ó mú mi rìn láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fà gòkè.
Dúdú kirimú lórí funfun: mo kà á kí n tó dé ibẹ̀.
Funfun gbòò lórí aró tó jinlẹ̀: ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á kà á.
Pupa lórí àwọ̀ ewé: ó ń jó lójú mi,
ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.
Ọ̀kan tún wà, iṣẹ́ ẹni tí Bàbá kọ̀ láti dárúkọ,
ó fi dúdú kọ "Olúwa", ó fi ìyeyè kọ ìyókù sórí funfun.
Mo rí Olúwa. N kò rí ohun tí Olúwa ṣe.

Sùnmọ́nù tó ń tún àwọ̀n ṣe rẹ́rìn-ín.
Ó ní láti kékeré, òun ò mọ rodo tó pọ́n
yàtọ̀ sí èyí tí kò pọ́n,
ìyàwó òun ló máa ń ṣà á.
Òógùn tutù bò mí:
pupa ni mo fi sàmì sí ọkọ̀ tí kò ní lọ,
àwọ̀ ewé ni mo fi sí èyí tó ń lọ,
kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.
Sùnmọ́nù ò mọ̀ pé òun ti bá mi wí.
Ó gbé àwọ̀n sókè, ó wo ojú rẹ̀ sí oòrùn,
ó ní, "Àwọ̀ tí ò bá mú ojú, àwọ̀n tó ya ni."

Mo padà délé. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.
Mo gé oòrùn wíwọ̀ mi kù, mo gbé e lọ sókè téńté
níbi tí kò ti ní bá ọ̀rọ̀ jà.
Mo fi funfun tẹ́ ìsàlẹ̀, kì í ṣe báláú tó ń gún ojú,
èyí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé.
Aró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú ni mo fi kọ̀wé.
Mo bọ́ àwọn lẹ́tà yó.
Mo kọ "Ó ń lọ". Mo kọ "Kò lọ".

Ní Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, oòrùn tún gba ojú ọ̀run.
Bàbá Kílání gba fóònù, ó nà án jìnnà,
ètè rẹ̀ ń mì:
"Aago mẹ́ta. Èjìnrìn. Ó ń lọ."
Mo dúró de ìyìn.
Ó dá fóònù padà sí mi lọ́wọ́,
ó gbé garawa ọ̀dà rẹ̀, ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ọkọ̀.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́ta lù.